Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: páílọ́ọ̀tì tó fẹ́ máa sùn sílé, nǹkan tó yẹ kó bèèrè

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́ bàálù wíwà, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ẹ̀sì, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí jù ni pé ṣé èèyàn lè máa wa bàálù kó ṣì máa ráyè tọ́mọ. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ nǹkan míì lọ̀pọ̀ yín máa ń wò tẹ́ ẹ bá ń wáṣẹ́: owó oṣù, bàálù ńlá, yúnífọ́ọ̀mù (ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ ẹni tó torí yúnífọ́ọ̀mù yan iléeṣẹ́). Èmi o, ohun méjì ni mo máa ń bèèrè kí n tó dé orí owó rárá: ibo ni màá máa sùn lálẹ́, àti pé ìgbà wo ni màá mọ ọjọ́ tí mo máa ṣiṣẹ́.

Wọ́n á sọ fún yín ní ìntáfíù pé páílọ́ọ̀tì àwọn kì í fò ju wákàtí 75 lọ lóṣù, ẹ ó wá máa yọ̀ pé iṣẹ́ gbẹdẹmukẹ rèé. Ìgbà tí bàálù ń rìn nìkan ni wọ́n ń kà yẹn o. Ká ní ẹ máa fò ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan, ìkọ̀ọ̀kan ìṣẹ́jú 50, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 20 nìyẹn. Ẹ ti gbọ́dọ̀ débẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, ẹ wo ojú ọjọ́, ẹ ṣírò epo, ẹ yí bàálù po kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, láàárín ìfò kan sí èkejì ẹ máa dúró ìṣẹ́jú 35 lẹ́ẹ̀mẹta kí èrò sọ̀ kí èrò míì wọlé, tẹ́ ẹ bá tún parí ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ìwé kíkọ. Gbogbo ẹ̀ ti di wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 35, ẹ ò tíì ka mọ́tò tó gbé yín wá látilé. Torí náà ẹ bi wọ́n ní wákàtí tí èèyàn máa ń lò lóṣù kan kúrò ní bééèsì (ìyẹn pápákọ̀ tí iléeṣẹ́ ní kẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́), àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní TAFB, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ní iye òru tí èèyàn máa ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì.

Òfin ò lè gbà yín lórí èyí. EASA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Yúróòpù, sọ pé páílọ́ọ̀tì ò gbọ́dọ̀ fò ju wákàtí 100 lọ láàárín ọjọ́ 28, kò sì gbọ́dọ̀ ju 900 lọ lọ́dún, iṣẹ́ lápapọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 60 lọ ní ọjọ́ 7. Òfin Part 117 ti Amẹ́ríkà náà fi wákàtí 100 sí ọjọ́ 28 àti 1,000 sí ọjọ́ 365, ó ní kéèyàn sinmi wákàtí 10 kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó dáa, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kí oorun má baà kun páílọ́ọ̀tì lójú òfuurufú ni wọ́n ṣe ṣòfin yẹn, kò sẹ́ni tó ro ọjọ́ ìbí ọmọ yín sí i. Wákàtí 10 ìsinmi yẹn, inú òtẹ́ẹ̀lì náà lẹ ti lè lò ó tán.

Ìfò kúkúrú àbí ọ̀nà jíjìn? Ọ̀rọ̀ yìí làwọn èèyàn máa ń jà lé lórí. Ẹni tó fi wákàtí 9 lọ, tó sinmi ọjọ́ kan lọ́hùn-ún, tó fi wákàtí 9 bọ̀, á kúrò nílé bí ọjọ́ méjì, ó sì ti kó wákàtí 18 jọ, tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin péré iṣẹ́ oṣù ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọjọ́ tó kù ilé ló wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ dé, òkú oorun ló gbé wálé, ẹ má retí pé ó máa kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ẹni tó ń fò kúkúrú á sùn sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó máa fi jáde á pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn náà tún pín sí méjì. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ àárọ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀ òru lẹ máa jí, aago méjì ọ̀sán ẹ ti ń bọ̀, ẹ lè gba iléèwé lọ gbé ọmọ, àmọ́ tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ alẹ́, ẹ ó gbé wọn lọ síléèwé láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó dé wọ́n ti sùn, bẹ́ẹ̀ lọ̀sẹ̀ ṣe máa parí. Lójú tèmi, ẹni tọ́mọ ẹ̀ ti ń lọ síléèwé kó mú iṣẹ́ àárọ̀ tó bá lè fara dà á. Èyí tí mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú ẹ̀ ni rósítà (ìwé ètò ọjọ́ iṣẹ́) tó ń fi èèyàn sí àárọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tún gbé e sí alẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ìyẹn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wúlò fún ilé, kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ wúlò fún iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ bééèsì ṣe pàtàkì ju irú bàálù lọ. Tí bééèsì bá wà nílùú A tí ilé yín wà nílùú B, ọjọ́ ìsinmi yín lẹ ó máa fi wọ bàálù lọ wọ bàálù bọ̀, iléeṣẹ́ ò sì ní kà á mọ́ iṣẹ́. Ó tún léwu. Ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009, bàálù Colgan Air 3407 já nítòsí Buffalo ní Amẹ́ríkà, èèyàn 50 ló bá a lọ. First officer wọn (páílọ́ọ̀tì kejì, igbákejì captain) ti fi gbogbo òru rin ìrìn àjò láti Seattle kó tó dé Newark tó jẹ́ bééèsì ẹ̀, captain náà sì sùn sí yàrá àwọn òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀. Bí captain ṣe fa ọwọ́ bàálù nígbà tí ẹ̀rọ ń kìlọ̀ fún un ni NTSB (àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà) sọ pé ó fa jàǹbá yẹn o, mi ò sọ pé àìsùn nìkan ni, àmọ́ jàǹbá yẹn wà lára ohun tó mú kí Amẹ́ríkà tún òfin àárẹ̀ páílọ́ọ̀tì ṣe. Ẹ wá ilé sítòsí bééèsì, tàbí kẹ́ ẹ wá iléeṣẹ́ tó ní bééèsì nítòsí ilé yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìgbà tẹ́ ẹ máa mọ ọjọ́ iṣẹ́. Iléeṣẹ́ míì ń fi ọjọ́ téèyàn wọlé ṣètò gbogbo nǹkan, ẹni tó pẹ́ jù ló máa kọ́kọ́ mú ohun tó wù ú, tuntun ló máa ṣe Kérésìmesì, tuntun ló máa jókòó ti sítáńbáì, táá máa dúró de ìpè tí fóònù ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíì, ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ tún ti máa bẹ̀rẹ̀. Ohun tẹ́nikẹ́ni kì í sọ fún yín ni pé ìgbéga náà lè já yín sísàlẹ̀: first officer tó ti dàgbà nínú iṣẹ́ ń mú Sátidé àti Sọ́ńdè bó ṣe wù ú, lọ́jọ́ tó bá di captain ó ti di àbíkẹ́yìn láàárín àwọn captain, ó ti padà sórí sítáńbáì. Èmi jẹ́ kí ti èmi kọjá lára mi nígbà tí wọ́n pè mí, mo ní kọ́mọ kékeré kọ́kọ́ wọ iléèwé ná. Owó lọ, òótọ́ ni, àwọn ọ̀gá kan wò mí bákan, ó tán.

Iléeṣẹ́ míì ní rósítà tí kì í yẹ̀. Ọ̀pọ̀ páílọ́ọ̀tì Ryanair ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 5 sinmi ọjọ́ 4, bàálù wọn sì sábà máa ń padà sí bééèsì lálẹ́. NetJets tó ń gbé àwọn olówó ní ọjọ́ 7 iṣẹ́ ọjọ́ 7 ìsinmi, àmọ́ ọjọ́ 7 iṣẹ́ yẹn, ẹ ò sí nílé rárá nìyẹn. Hẹlikọ́pítà tó ń gbé aláìsàn náà sábà máa ń ní ṣíìfù tó dúró, bééèsì ni wọ́n sì ti ń dúró de ìpè. Bàálù ẹrù ńkọ́? Òru ni FedEx ń kó ẹrù jọ sí Memphis, òru náà ni UPS ń kó tiwọn jọ sí Louisville, torí náà kẹ́ni tí kì í lè sùn lọ́sàn-án rò ó dáadáa. Títọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà níléèwé bàálù, tẹ́ ẹ̀yin kàn ń fi kó wákàtí 1,500 jọ ní Amẹ́ríkà kẹ́ ẹ tó sá lọ síléeṣẹ́ bàálù ńlá, ilé lẹ ó máa sùn lójoojúmọ́, àmọ́ Sátidé ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pọ̀ jù, tójò bá sì rọ̀ owó ò wọlé. Ẹni tó ń kọ́ èèyàn nínú simulator (ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi bàálù nílẹ̀) náà ń sùn sílé, kẹ́ ẹ sáà bèèrè aago tí wọ́n ń lò ó, torí ẹ̀rọ yẹn wọ́n gan-an, wọn kì í fẹ́ kó sinmi, ìgbà míì aago méjì òru ni kíláàsì yín.

Ẹ̀yin obìnrin, ọ̀rọ̀ oyún, ẹ bèèrè ẹ láìtijú. Lábẹ́ EASA, dókítà lè fọwọ́ sí i pé kẹ́ ẹ máa fò títí ọ̀sẹ̀ 26 fi máa parí, lẹ́yìn náà ilẹ̀ lẹ máa wà. Ṣé iṣẹ́ wà fún yín nílẹ̀? Ṣé owó oṣù lásán lẹ máa gbà, nígbà tó jẹ́ pé owó ìfò ló ń jẹ́ kó tóni?

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ ti lọ bèèrè, ẹ má dúró ti HR. Ẹ ní kí páílọ́ọ̀tì kan fi rósítà méjì hàn yín fún oṣù kan náà, èyí tí wọ́n gbé jáde kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, àti èyí tó ṣe gan-an nígbà tí oṣù parí. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí wọ́n kọ OFF sí lọ́jọ́ Sátidé, ṣé OFF ló ṣì wà níbẹ̀? Èyí tó yẹ kó parí laago méjì, aago mélòó ló parí? Èmi ti rí rósítà kan tí OFF mẹ́ta nínú ẹ̀ ti di sítáńbáì, sítáńbáì méjì sì ti di òtẹ́ẹ̀lì, iléeṣẹ́ tó ń polówó ara ẹ̀ pé àwọn fẹ́ràn ìdílé ni o.

Tí gbogbo ẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ wo bọ́ǹdì: ọdún mélòó lẹ gbọ́dọ̀ lò kẹ́ ẹ má baà san owó ẹ̀kọ́ padà, ṣé ó ń ka ìsinmi ọmọ bíbí mọ́ ọn, ṣé ẹ lè bọ́ sí ìlàjì iṣẹ́ kó tó parí, ṣé wọ́n lè gbé yín lọ sí bééèsì míì láì bi yín. Èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹnu lásán dáhùn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú kọ́ńtírákì.