Pàtí Bàbá mi kọ́ ni pàtí mi

Nílé wa l'Ájàṣẹ́ níbí, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, wọn kì í bi yín tẹ́lẹ̀ pé ta lẹ máa dìbò fún. PRD ni. Látìgbà tí Houngbédji ti dá pàtí yẹn sílẹ̀ ní 1990, Bàbá mi ò dìbò fẹ́lòmíì rí, lójú tiwọn ọmọ Àjàṣẹ́ tí ò bá tẹ̀lé òṣùmàrè, àmì PRD, ò mọ ilé tí wọ́n ti bí i. Ankárá pàtí yẹn ṣì wà nínú àpótí wọn, ó ti ṣá, etí ẹ̀ ti já, Màmá fẹ́ fi ṣe àkísà lọ́jọ́ kan, háà, ariwo ọjọ́ yẹn ò kéré.

Èmi wá lọ bá Les Démocrates, pàtí Yayi. Yayi tó fìdí Houngbédji janlẹ̀ nínú ìbò ààrẹ ní 2006, tó tún fìdí ẹ̀ janlẹ̀ ní 2011! Bàbá gbé àkàsà sílẹ̀: "Ẹni tó nà wá lẹ́ẹ̀mejì, òun lo wá ń tẹ̀ lé kiri?" Àlejò wà níjòókòó, mi ò lè fèsì, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síbí.

Ọ̀rọ̀ Yayi kọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ 28 oṣù kẹrin 2019 ni. Ìbò aṣòfin, pàtí méjì péré ni wọ́n gbà láàyè, ti Talon tó jẹ́ ààrẹ nígbà yẹn ni méjèèjì, wọ́n tún wá pa íntánẹ́ẹ̀tì. PRD ò ríwèé àṣẹ láti du ìbò gbà, bẹ́ẹ̀ Houngbédji gan-an ló wà lórí àga olórí ilé aṣòfin nígbà yẹn o! Bàbá mi tí kì í pa ìbò jẹ, ilé ni wọ́n jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àga 83, pàtí méjì yẹn ló pín gbogbo ẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àárín ìlú wa níbí nilé aṣòfin ọ̀hún wà, gbogbo ìgbà là ń gba iwájú ẹ̀ kọjá, tí wọ́n bá gbé òfin burúkú wọlé ta ló máa sọ pé rárá?

Nígbà tó di 2022 PRD lọ wọnú UP, ọ̀kan nínú pàtí méjì yẹn, ó di UP le Renouveau, Bàbá ní bí òṣèlú ṣe rí nìyẹn. Ó dùn mí gan-an. Àwọn tí pàtí wọn jókòó sílé ìgbìmọ̀ nígbà tí tiyín wà níta lẹ lọ bá!

Oṣù kìíní 2023, Les Démocrates rí àga 28 nínú 109 nínú ìbò aṣòfin. Kò tó nǹkan, mo mọ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn nígbà yẹn torí èèyàn kan á lè dìde bèèrè ọ̀rọ̀.

Bàbá kékeré ní kí n lọ bẹ Bàbá, kí n fi pàtí yẹn sílẹ̀. Màá máa kúnlẹ̀ kí Bàbá láràárọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, màá gbọ́ oúnjẹ wọn, àmọ́ ti pàtí yẹn, mi ò ní fi sílẹ̀.