Eyín ọ̀kẹ́rẹ́ tó tún mi kọ́ níṣẹ́ káfíńtà

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ gbé pákó yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín pé ọ̀gá yín ń gbẹ́gi fún ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó la wà, ìdí igi la ti ń jẹun. Bàbá kan tó ń dáko kòkó ló gbé e wá nínú àpò gààrí, ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni. Wọ́n gé ọ̀pẹ lulẹ̀, ìyá rẹ̀ sá lọ. Àgbẹ̀ kì í fẹ́ràn ọ̀kẹ́rẹ́, torí ó máa ń dá kòkó lu. Ká ní kì í ṣe ìyàwó mi ni, ìkòkò ọbẹ̀ ni ì bá gbà lọ.

Nígbà tó dàgbà, ẹsẹ̀ àga ló dojú kọ. Àga oníbàárà ni o! Mo pè é ní olè, mo pè é ní ìpáńle, kò gbọ́. Eyín iwájú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í dẹ́kun híhù títí tó máa fi kú ni. Bí kò bá rí ohun líle rún, eyín á gùn, á tẹ̀ kọrọdọ sínú ẹnu, kò ní lè jẹun mọ́. Ẹ fi wé ṣísẹ́lì yín: iwájú eyín náà le, àwọ̀ ọsàn ló ní nítorí irin tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀, ó ń tètè jẹ. Bó ṣe ń rún nǹkan ló ń pọ́n ara rẹ̀. Nínú gbogbo yín, ta ni ṣísẹ́lì rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀?

Mo bá ní kí n ṣe ohun ìṣeré fún un. Ọgbọ́n iṣẹ́ ló sì ṣì mí lọ́nà. Mo kan ilé kékeré kan, mo fi sáńpépà ha á, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo kun fánísì, ìlẹ̀kùn rẹ̀ pupa. Ajákù àǹkárá ìyàwó mi ni mo fi so ó kọ́. Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbe rẹ̀ ló jí wa. Fọ́nrán òwú kan láti ara àǹkárá yẹn ti ká mọ́ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti wú, ó ń dúdú bọ̀. Ìyàwó mi fi aṣọ dì í mú, mo fi ẹnu abẹfẹ́lẹ́ wá òwú náà láàárín irun. Ọwọ́ mi tó ti ń fi ayùn gé igi fún ogún ọdún ń gbọ̀n. Orí ìka yẹn já sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Láti ìgbà náà, aṣọ tó ń tú fọ́nrán kò wọ inú àkámọ́ rẹ̀ mọ́.

Kí ẹ tó fún un nígi, ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n ti fi kun igi náà. Oògùn tí kò jẹ́ kí ikán fẹnu kan pákó, ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ ló máa fi ṣe oúnjẹ? Pákó sọ́míìlì tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn, pláíwúùdù tí gọ́ọ̀mù wà láàárín rẹ̀, ohunkóhun tó ní ọ̀dà: ẹ fi sílẹ̀. Ikún tó ń jọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rèdí, ìbátan rẹ̀ ni. Ìrókò náà, ìyẹ̀fun rẹ̀ tó ń mú wa sín, ẹ má gbé e fún un. Ẹ̀ka píà àti igi ẹ̀gẹ́ ní májèlé. Ẹ̀ka gúáfà tútù tí ẹ fọ̀ dáadáa ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Wáyà tí wọ́n fi síńkì bò náà kò dára, torí yóò máa rún un, síńkì sì jẹ́ májèlé fún un.

Ihò tí ẹ bá lu, ẹ jẹ́ kó gba gbogbo ara rẹ̀, tàbí kó má gba orí rẹ̀ rárá. Èyí tó gba orí nìkan, okùn ọrùn nìyẹn.

Èyí tó fẹ́ràn jù kò ná mi ní kọ́bọ̀. Èèpo àgbọn ni: mo lu ihò méjì, mo ki ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sínú rẹ̀ títí ó fi kún, mo fi ẹkùrọ́ tí a kò tíì fọ́ pa mọ́ sí ìsàlẹ̀. Á fa ewé jáde kan lẹ́yìn ìkejì, á gbé ẹkùrọ́ sá, á tún lọ fi pa mọ́ sínú bàtà mi.

Mi ò ní kí ẹ lọ mú ọ̀kẹ́rẹ́ nígbó o. Lọ́dún 2003, ẹranko kéékèèké tí wọ́n kó láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà, tí ọ̀kẹ́rẹ́ wà nínú wọn, gbé àrùn mpox (èyí tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀) débẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹni tó bá gé jẹ, ó yá, ilé ìwòsàn.

Oníbàárà kan rí igi gúáfà tó ti rún jẹ́gẹjẹ̀gẹ lánàá, ó ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ yín rèé?" Mo ní iṣẹ́ mi ni. Lọ́la, n óò gé òmíràn.