Lister Ń Wá Fiji, Èmi Ń Wá Mọ́níyà

Ọkùnrin tí a jọ háyà ilé ní Manchester lọ́dún 2006 máa ń kọ orúkọ sára ẹyin. Ará Liverpool ni. Gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nínú firíìjì ló ní àmì: mílíìkì, bọ́tà, àti ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà méjì tó fi bírò dúdú kọ. Ọjọ́ kejì tí mo kó wọlé ni mo rí i. Mo ṣí firíìjì sílẹ̀, mo dúró, mo ń wo ẹyin, ó sì dùn mí dọ́kàn. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, yàrá mẹ́jọ ló kojú síra. Ẹni tí iyọ̀ bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ wà lórí iná kò ní sáré lọ sọ́jà, á kàn ké sí ìyá tó wà ní yàrá kejì ni. Mo rò pé ọkùnrin yìí ti fojú olè wò mí kó tó mọ orúkọ mi.

Òun náà ló wá mú mi mọ eré tí mo fẹ́ràn jù lọ nílẹ̀ yìí.

Red Dwarf ni wọ́n ń pè é, eré aláwàdà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú. Rob Grant àti Doug Naylor ló kọ ọ́, BBC2 sì kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọjọ́ 15 oṣù February 1988. Dave Lister ni òṣìṣẹ́ tó kéré jù nínú ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n fi ń wa kùsà. Iṣẹ́ tí òun àti Rimmer, ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan, ń ṣe ni kí wọ́n máa yọ ìdọ̀tí lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń bu omi ọbẹ̀ adìyẹ fún èèyàn. Lister fi ológbò pamọ́ wọnú ọkọ̀, àṣírí tú, wọ́n sì tì í mọ́ yàrá kan tí ọjọ́ kì í ti í gorí ọjọ́ lára èèyàn. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ìtànṣán olóró tú jáde tó pa gbogbo èrò ọkọ̀. Holly, kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀, kò lè tú u sílẹ̀ àfi tí oró yẹn bá tán. Mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún ló fi dúró.

Nígbà tí Lister jáde, ó bá ẹ̀dá kan tó ṣẹ̀ wá láti ara ológbò rẹ̀ yẹn, tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kó wọṣọ kó wo dígí lọ. Ó tún bá Rimmer. Rimmer ti kú o, àwòrán rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ìmọ́lẹ̀ yà ló ń rìn kiri, lẹ́tà H lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń bínú, kò sì lè fọwọ́ kan ohunkóhun. Nínú gbogbo òkú ọkọ̀ yẹn, òun ni Holly yàn láti dá padà, torí ó gbà pé òun ló lè mú kí orí Lister pé. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni Lister kò fẹ́ rí mọ́ láyé.

Kò sí ẹni tó nílò láti ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Nílùú òyìnbó, owó ilé ló ń yan ẹni tí wàá bá gbé.

Nílé, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń wò, ti Bàbá Onílé. Ìbàdàn ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 31 October 1959, ìyẹn kò sì sọ pé kí oníkálukú ní tirẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí Bàbá Sàlá bá máa jáde, palọ̀ á kún dé ẹnu ọ̀nà, àwa ọmọdé á jókòó sílẹ̀, àwọn tí kò ráyè wọlé á ti ojú fèrèsé yọrí. Kó tiẹ̀ tó la ẹnu, aago ńlá tó gbé kọ́rùn yẹn ti tó. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ láàárín eré, kò sẹ́ni tí í dìde. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní yàrá kẹta tó máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu tẹlifíṣọ̀n nínú òkùnkùn, á ṣe ohùn Bàbá Sàlá, á ṣe ohùn ìyàwó, á bá wa parí eré náà bó ṣe rò pé ó yẹ kó parí. Nígbà míì tirẹ̀ máa ń dùn ju ojúlówó lọ.

Ní Manchester, yàrá ni kálukú wà, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ara ògiri ni mo ti ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n ẹnì kejì mi, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín. Mo kọ́kọ́ rò pé ó gba àlejò. Ẹ̀rín inú eré ni: èrò gidi ni wọ́n kó jọ sí ilé ìyàwòrán, tí wọ́n gba ẹ̀rín wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe apá keje lọ́dún 1997 láìsí èrò níwájú wọn, ọkùnrin yìí ní ó ṣe òun bí ẹni pé wọ́n ti kó aládùúgbò òun lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi ní ogójì èèyàn tí ń bá mi rẹ́rìn-ín nínú palọ̀. Òun, inú tẹlifíṣọ̀n ni tirẹ̀ wà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù January, iná mítà wa tán. Èyí yàtọ̀ sí ti NEPA. NEPA ò bi ọ́ bóyá o sanwó tàbí o ò san. Ti ibí, owó tí o fi sí orí kọ́kọ́rọ́ mítà ló tán, ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń fowó sí i sì ti tì. Òtútù yẹn ń wọ eegun. A wọ kóòtù nínú ilé, a jókòó sí kíṣíìnì nítorí pé gáàsì ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹnì kejì mi tan àbẹ́là kan. Ló bá dìde, ó ṣí firíìjì, ó mú ẹyin mẹ́rin tó kọ orúkọ sí, ó dín in fún àwa méjèèjì. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹyin yẹn, èmi náà kò sọ.

Bí a ti ń jẹun ló ní àsìkò yìí gan-an ni òun ń rántí “Marooned”. Apá kẹta ló wà, ti 1989. Lister àti Rimmer há sórí ilẹ̀ yìnyín nínú ọkọ̀ kékeré, oúnjẹ ń tán lọ, wọ́n ń sun ohun tí wọ́n ní kọ̀ọ̀kan kí ara Lister lè gbóná. Ó kù kí Lister sun gìtá rẹ̀. Kò lè ṣe é. Ó fi ayùn gé igi tó rí bíi gìtá jáde lára àpótí Rimmer, ó sun ìyẹn. Rimmer rò pé gìtá lọ̀rẹ́ òun sun, ojú ro ó, òun náà fa àwọn ọmọ ogun kékeré tó jẹ́ ohun ìṣeré tó fẹ́ràn jù kalẹ̀ kí wọ́n sun ún. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo eré náà, ọkùnrin méjì ló jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kejì mi ṣe ohùn méjèèjì níwájú àbẹ́là yẹn, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìfo ibì kan. Bí mo ti ń gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n wa ti yàrá kẹta ni mo ń rí.

Látìgbà náà la ti jọ ń wò ó pẹ̀lú ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, bọ́ọ̀sì mi sì ń gba Oxford Road, níwájú ilé BBC tí wọ́n ti ya àwọn apá àkọ́kọ́. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Nínú tasí Ìbàdàn, kí o tó dé Dùgbẹ̀ wàá ti mọ ìdí tí ìyá tó jókòó tì ọ́ fi ń bá àna rẹ̀ jà. Mo wá gbọ́ pé ìyanṣẹ́lódì àwọn oníṣẹ́ iná ní BBC lọ́dún 1987 ló fa eré náà sẹ́yìn, ìyẹn sì mú mi súnmọ́ ọn sí i. Wọ́n wó ilé yẹn lọ́dún 2012, BBC ti kó lọ sí Salford. Bọ́ọ̀sì náà á sì kọjá sí Rusholme, níbi tí àwọn ilé oúnjẹ kọ́rì tò sí lọ́tùn-ún lósì. Vindaloo, irú kọ́rì tí Lister ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó ta lóòótọ́, àmọ́ ata rodo ò sí níbẹ̀.

Ọmọ aráyé tó kù ṣoṣo nínú eré yẹn, èèyàn dúdú ni. Craig Charles tó ṣe Lister, ọmọ Liverpool ni, Guyana ni bàbá rẹ̀ ti wá. Danny John-Jules tó ṣe ológbò, Dominica ni ti àwọn òbí rẹ̀. Ní 1988 nìyẹn, wọn kò sì sọ àwọ̀ wọn di ọ̀rọ̀ eré. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin tó ẹni tó ń wò ó, mo ń retí kó sọ nǹkan kan lórí ìyẹn. Kò kíyè sí i. Lójú tirẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, mo sì dúpẹ́.

Àwọn kan ní “smeg”, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò níbi tó yẹ kí èébú wà, ló mú eré náà pẹ́. Àwọn míì ní sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀ ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Fiji ni. Kí gbogbo nǹkan tó bàjẹ́, Lister ń tọ́jú owó láti lọ ra oko ní Fiji, kó sin àgùntàn àti màlúù kan, kó máa tọ́ ẹṣin. Mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún ti kọjá lọ, ayé ti jìnnà, ní òpin eré àkọ́kọ́ pàá, ó ní kí Holly dorí ọkọ̀ kọ ọ̀nà Fiji. Àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kò sí èyí tí kò ní Fiji tirẹ̀. Obìnrin kan tó wá láti Kerala, ní Íńdíà, ní ilé tó ń kọ́ fún ìyá rẹ̀. Èmi ní púlọ́ọ̀tì kan ní Mọ́níyà n'Ìbàdàn, àbúrò mi ló ń bá mi mójú tó o. Bí aago mẹ́ta òru bá lù tí àwọn bàbá àtàwọn ìyá ti sùn, fóònù la máa ń gbé jáde, a ó máa fi búlọ́ọ̀kù han ara wa.

Ní April 2020, nígbà tí wọ́n ṣe The Promised Land, eré gígùn Red Dwarf, lórí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Dave, ìséde ti sé gbogbo wa mọ́lé. Ọkùnrin ará Liverpool yẹn ti padà sílùú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó pè mí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a gbé fóònù sórí tábìlì, a jọ wò ó, mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ bí ìgbà tó wà lẹ́yìn ògiri. Lister ṣì wà nínú ọkọ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun. Nígbà tó parí, ọ̀rẹ́ mi dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé Mọ́níyà ti dé ibo. Mo ní a ti kan páànù, ó ku fèrèsé.