Fírísà Ìyá Ẹlẹ́ja Tó Padà Wá Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Lọ́dún 2008, mo ṣe JAMB lẹ́ẹ̀kejì, máàkì mi kò sì tó. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì wọn kò tíì jáde. Àbúrò màmá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Wọ́n ní kí n máa wà níbẹ̀ títí JAMB ọdún tó ń bọ̀ yóò fi dé. Mi ò ṣe JAMB mọ́. Iṣẹ́ yẹn ni mò ń ṣe títí dòní, òun ni mo fi ń gbọ́ bùkátà ilé, òun náà ni mo fi rán àbúrò mi méjì lọ sí yunifásítì.

Mò ń kọ èyí sí àwọn ọmọ tó jókòó sílé báyìí, àti sí àwọn òbí tójú ń tì láti sọ pé ọmọ àwọn ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Mi ò bú yunifásítì o. Ẹni tó bá fẹ́ di dókítà tàbí lọ́yà gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ lọ. Àmọ́ iṣẹ́ pọ̀ tó jẹ́ pé abẹ́ ọ̀gá lèèyàn ti ń mọ̀ ọ́n, bí ó bá mọ bó ṣe yẹ kó lo ọdún tó fi wà níbẹ̀.

Ẹ lọ wo ọ̀gá kẹ́ ẹ tó wọlé sábẹ́ rẹ̀. Ẹ tọrọ àyè láti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń gbé irinṣẹ́ lé lọ́wọ́ bí oníbàárà bá dé. Ọmọọṣẹ́ tó ti lo ọdún méjì, ṣé ó lè tú nǹkan fúnra rẹ̀, àbí omi ló ṣì ń pọn? Èmi náà fọ mọ́tò ọ̀gá, mo lọ ń mú àwọn ọmọ wọn wálé láti ilé ìwé. Ìyẹn kò burú, ara ìtẹríba ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n. Kí ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀: iye ọdún, iye owó, ọjọ́ fírídọ̀mù. Tiwa jẹ́ ọdún mẹ́ta. Àbúrò màmá mi tọwọ́ bọ̀ ọ́, ọ̀gá tọwọ́ bọ̀ ọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn náà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi oṣù mẹ́fà kún un lọ́dún kẹta, ìwé yẹn la gbé síta, ọ̀rọ̀ sì tán pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ohun tó yí ayé mi padà ni fírísà kan, lọ́dún 2009. Ìyá kan tó ń ta títọ́ọ̀sì àti ṣáwá ló ni ín. Fírísà àtijọ́ ni, R12 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn orúkọ gáàsì tó ń mú un tutù. Gáàsì R12 ti ń wọ́n nígbà yẹn, èyí tí a rí rà ni R134a. Ọ̀gá fà á sí i, fírísà mú yìnyín, ìyá gbé e lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà wá. Kọ̀ǹpirẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri inú páìpù rẹ̀, ń gbóná bí ààrò. A fi gáàsì kún un. Ó tún padà wá. Nígbà kẹta, kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ kò dáhùn mọ́ rárá. Ìyá náà gbé abọ́ ẹja tó ti bàjẹ́ kalẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, owó àjọ ni mo fi ra ẹja yìí o." Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn.

Ọ̀gá tọrọ àforíjì, wọ́n sì fi owó ara wọn ra kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ sí i. Mo bi wọ́n pé kí ló fà á. Wọ́n ní bóyá iná mànàmáná ni. Wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn náà rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ sí kàfé, mo ra wákàtí kan, mo tẹ orúkọ gáàsì méjèèjì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó gbà mí ju wákàtí kan lọ kó tó yé mi, mo tún padà lọ lọ́jọ́ kejì. Òróró inú kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Òróró tó ń bá R12 ṣiṣẹ́ kì í pò pọ̀ mọ́ R134a. Bí gáàsì bá gbé e jáde, inú páìpù ló máa ń jókòó sí, kì í padà sí kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ bó ṣe yẹ. Irin á wá máa ha irin láìsí òróró títí yóò fi gan.

Mo tẹ ojú ìwé méjì jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rò ó bí mo ṣe máa gbé e fún wọn, torí ọmọọṣẹ́ kì í dédé sọ pé ọ̀gá òun ṣàṣìṣe. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, kò yé mi tán." Wọ́n kà á, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún un kà. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọ̀gá mi ti ń fún mi lówó kàfé.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní. Ọwọ́ ọ̀gá ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń jó páìpù kó má jò, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìró kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ tó ń ṣàìsàn, bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà tó ń bínú sọ̀rọ̀. Ìwé kan ò lè kọ́ mi ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí, èmi ni mo ní láti wá a kiri.

Mo ra ìwé kékeré kan. Gbogbo iṣẹ́ tó bá wọlé, mo kọ ọjọ́, irú ẹ̀rọ, ohun tó ṣe é, ohun tí a ṣe sí i, àti bóyá ó padà wá. Mo ra mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò pẹ̀lú owó tí àwọn oníbàárà fi ń ta mí lọ́rẹ. Irin mẹ́ta tí wọ́n ń so wáyà mọ́ ló wà lára kọ̀ǹpirẹ́sọ̀, a kàn máa ń dán an wò títí yóò fi ṣiṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Mítà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé méjì tí òǹkà àárín wọn bá ga jù ni run (ti ìṣiṣẹ́) àti start (ti ìbẹ̀rẹ̀), ẹ̀kẹta ni common (èyí tí àwọn méjèèjì jọ ń lò). Bí ẹ bá sì ro òǹkà méjì tó kéré pọ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye èyí tó ga jù. Ọjọ́ tí mo fi èyí han àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù, inú wa dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Nínú iṣẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Àdéhùn Montreal tí wọ́n ṣe lọ́dún 1987 ló ní kí ayé jáwọ́ nínú R12 torí pé ó ń ba ìpele ozone tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́, ìgbà tó sì fi máa di 2010, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa gbọ́dọ̀ ti ṣíwọ́. R22 tí mo kọ́ lára ẹ̀rọ amúlétutù ti ń tẹ̀lé e lọ, 2030 ni wọ́n dá fún un. R410A, gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù mìíràn, ń ti páìpù tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ agbára R22, géèjì tí a fi ń wọn agbára R22 kò lè gbà á. R600a tó wà nínú fíríìjì tuntun ń gbiná. Ẹni tó bá gbé iná jíjó sún mọ́ ọn láìkọ́kọ́ tú u dànù síta gbangba ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Ẹni tó bá dá ìwé kíkà dúró lọ́jọ́ fírídọ̀mù rẹ̀, gáàsì tuntun kan ṣoṣo ti tó láti sọ ọ́ di ọmọọṣẹ́ padà.

Nípa fírídọ̀mù tèmi, ní 2011, màmá mi ti yan aṣọ, wọ́n ti sọ fún àwọn ẹbí. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká ṣe é ní kékeré: àdúrà, ìrẹsì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó tán. Owó tó ṣẹ́ kù ni mo gbé lọ sí Alábà l'Ékòó láti fi ra ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù kéèyàn tó fa gáàsì sí i. Kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ àlòkù ni a máa ń fi ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í fà á tán. Omi kíún tó bá ṣẹ́ kù sínú páìpù á dì, á dí ojú kápílárì, ìyẹn páìpù tín-ín-rín tí gáàsì ń gbà kọjá, ẹ̀rọ á padà wá. Màmá mi bínú fún oṣù kan. Àwọn náà ni wọ́n wá ń sọ fún àwọn ará ọjà pé iṣẹ́ ọmọ àwọn kì í padà wá.

Ibi tí mo ti ṣubú ni ti ìwé ẹ̀rí. Lọ́dún 2014, hòtẹ́ẹ̀lì kan fẹ́ gbé ẹ̀rọ amúlétutù ogójì lé mi lọ́wọ́, wọ́n bèèrè ìwé, mi ò ní nǹkan kan ju ìwé fírídọ̀mù. Ẹlòmíì gba iṣẹ́ náà. Ó dùn mí gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ ṣe trade test ti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti Grade III, mo gun un lọ. NABTEB náà wà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá lé yín padà lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe lé mi.

Ọmọọṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìwé kékeré tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin yẹn bi mí ní ìbéèrè kan lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ amúlétutù inverter, irú èyí tó ń yí eré kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀ ọ́n. A ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, a ṣí ìwé ìlànà ẹ̀rọ náà sórí fóònù mi, a sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.