Bí ọdún ṣe ń parí lọ: ẹ jẹ́ ká ṣírò iṣẹ́ awakọ̀ dánfó

Àwa tí à ń tún dánfó ṣe l'Èkó, ohun tó bàjẹ́ la fi ń mọ bí ọdún ṣe rí. Lọ́dún yìí náà, kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì àti ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná ló gba ọwọ́ wa jù. Bí a sì ṣe ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò, awakọ̀ tó ń gbé irú ọkọ̀ báyìí jáde ní ìdájí, tó sì ń gbé èrò délé láyọ̀, ló wú wa lórí jù.

Kí awakọ̀ tó rí owó mú relé, délífà, ìyẹn owó ojoojúmọ́ tó máa kó fún onímọ́tò, ti ń dúró dè é, epo ń dúró, owó kọ̀ńdọ́ ń dúró, owó gáréèjì náà ò gbẹ́yìn. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó ₦200. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti ń lọ sí ₦1,000 l'Èkó. Ẹ mú ọkọ̀ tó ń mu lítà 30 lóòjọ́: epo tí kò tó ₦6,000 tẹ́lẹ̀ di nǹkan bí ₦30,000. Ìjókòó ò sì pọ̀ sí i: èrò méjì níwájú, mẹ́rin mẹ́rin lórí ìlà mẹ́ta, èèyàn 14 náà ni. Owó oríṣiríṣi tí wọ́n ń gbà ní gáréèjì ló mú kí àwọn awakọ̀ kan dáṣẹ́ sílẹ̀ l'Èkó lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Torí gbogbo owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa lóòjọ́ yìí ni kọ̀ńdọ́ fi ń pariwo “Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!” Ìṣẹ́jú tí wọ́n bá fi wá ṣéńjì ní ibùdókọ̀, ara owó ọjọ́ náà ló ti ń lọ.

Láti Ọ̀ṣọ́dì dé Ọbáléńdé nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹsẹ̀ òsì tí awakọ̀ fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì kì í sinmi. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi gíá sí nútírà bí ọkọ̀ bá dúró, á gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá. Bí ẹsẹ̀ bá ń gbé orí kílọ́ọ̀ṣì, kò ní mú dáadáa mọ́: á máa yọ̀, á gbóná, ẹ ó gbọ́ òórùn jíjó, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní sáré.

Ti ooru le jù. Àwọn Volkswagen àtijọ́ tó ń lo omi, ẹ́ńjìnnì wọn wà lẹ́yìn, rédíétọ̀ tó ń mú omi tutù wà níwájú, páìpù gígùn ló so méjèèjì pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Bí wọ́n bá kàn da omi sí i lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á há síwájú, ẹ́ńjìnnì á tún gbóná. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè, ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lókè rédíétọ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ máa bu omi sí i lẹ́yìn títí omi tó ń jáde níwájú ò fi ní ìfòfó mọ́, kẹ́ ẹ tó dì í. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ọkọ̀ bá tutù nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí ìdérí omi. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ àgbà mọ èyí ju àwọn ọmọṣẹ́ wa lọ, ọ̀dọ̀ wọn la sì ti ń kọ́ púpọ̀.

Lásìkò òjò, bí ọkọ̀ bá la àgbàrá kọjá, bíréèkì kì í mú. Awakọ̀ tó gbọ́n á rọra máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń lọ, kí ooru lè gbẹ omi náà.

Táyà tòkunbọ̀ ló ń bà wá lẹ́rù jù. Ìlà rẹ̀ lè jìn, kó dán, kí rọ́bà sì ti gbó. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT lára táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2316 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹ ṣé gan-an, ẹ kú iṣẹ́ ọdún. Ẹ̀yin èrò, ẹ tètè máa ké “Ó wà o!” kí ọkọ̀ tó dé ibùdókọ̀, torí bíréèkì òjijì ló ń jẹ páàdì. Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ̀bẹ̀ wa fún ọdún tuntun ni pé kẹ́ ẹ yọ délífà ọjọ́ kan kúrò lọ́sẹ̀, kí ọkọ̀ lè dúró lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti àárọ̀, ká yẹ páàdì, kílọ́ọ̀ṣì àti táyà wò, kí awakọ̀ náà sì rí oorun sùn.