Aago mi ń ṣókùnkùn nínú oòrùn

Sátidé kan nínú oṣù kejì, aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo ń gun òkè Mọ́kọ́lá bọ̀ láti Dùgbẹ̀. Oòrùn ti mú. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ọkàn mi ti ń sáré ju ẹsẹ̀ mi lọ, ni mo bá gbé ọwọ́ òsì sókè kí n lè wo iye tó ń lù ní ìṣẹ́jú kan lójú aago mi. Àwo dúdú kan ni mo rí. Ojú ara mi ló wà nínú rẹ̀, òun àti fìlà tí mo dé àti wáyà iná tó kọjá lókè orí mi. Mo yí ọwọ́ sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Mo fi ọwọ́ kejì ṣíji bò ó. Kí òjìji ọwọ́ náà tó balẹ̀ dáadáa, aago ti pajú dé nítirẹ̀, torí ó ń ṣọ́ bátìrì. Mo gbọn ọwọ́ kó jí. Ó jí, oòrùn tún bò ó mọ́lẹ̀. Micra kan ń fọn fèrè lẹ́yìn mi, ọlọ́kadà kan gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ bọ̀ wá bá mi níwájú, èmi sì tẹjú mọ́ ọrùn ọwọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lójú títì Ìbàdàn, ojú tí èèyàn ní kò tó pín fún aago.

Mo dúró. Mo yà sábẹ́ agboòrùn obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì, mo ní ẹ kú ọjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i kà: 163.

Dókítà ti sọ fún mi pé kò gbọdọ̀ kọjá 140.

Ẹni ọdún 52 ni mí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n wá yẹ gbogbo àwa olùkọ́ wò ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tèmi lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó bá òun tún un wọ̀n. 170 lórí 105. Ibì kankan ò sì dùn mí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni bàbá mi ṣe máa ń sọ pé ibì kankan ò dun òun, títí rọpárọsẹ̀ fi dá wọn dùbúlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọn ò sì dìde mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo oògùn láràárọ̀, mo dín iyọ̀ kù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbà tó yá, ìrìn di eré sísá. Dókítà tó ń tọ́jú mi, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, ní, "Mà, ẹ máa sá a, ó dáa fún yín. Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kó lù ju 140 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ti ń débẹ̀, ẹ máa rìn." Ó fi ìṣirò rẹ̀ hàn mí: wọ́n á yọ ọjọ́ orí ẹni kúrò nínú 220, èyí tó bá ṣẹ́kù ni òpin tí wọ́n fojú bù fún ọkàn ẹni. Tèmi jẹ́ 168. Èmi tí mo wà lórí 163 lórí òkè Mọ́kọ́lá, márùn-ún péré ló kù fún mi.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ aago yìí fi ń ká mi lára. Mi ò wọ̀ ọ́ fún fáàrí.

Ọmọ mi àkọ́bí tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester ló fi ránṣẹ́ sí mi. Irú rẹ̀ lòun náà ń lò. Nígbà tí mo pè é lórí fídíò pé mi ò rí ojú aago náà rárá tí mo bá ń sáré, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sójú kámẹ́rà, nọ́ńbà ń tàn yanran níbẹ̀. Ó ní, "Mọ̀mí, ó mọ́ kedere o." Mo wo fèrèsé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni níbẹ̀, sánmà ṣú bolẹ̀, wọ́n ti tan iná sí yàrá. Mo ní, "Ọkọ mi, oòrùn tó wà lọ́hùn-ún kọ́ ló wà níbí." Kò parọ́ fún mi, èmi náà ò sì parọ́ fún un. Aago kan náà ni, oòrùn ló yàtọ̀.

Ẹni tó wá là mí lóye ni ọmọkùnrin kan tí a jọ máa ń pàdé ní pápá ìṣeré Yunifásítì Ìbàdàn. Ó ń múra sílẹ̀ fún eré Marathon ìlú Èkó, èyí tí wọ́n ti ń sá láti 2016, tí wọ́n máa ń gba orí Third Mainland kọjá. Aago tirẹ̀ ti gbó, rọ́bà rẹ̀ já lápá kan, ó fi òwú so ó. Ó ní, "Mà, ẹ na ọwọ́ yín wá." Aago mẹ́wàá ń lọ lù, kò sí igi kankan nítòsí. A na ọwọ́ méjèèjì sínú oòrùn, tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Tèmi dúdú, ó ń dán, orúnkún ìka mi kan hàn nínú rẹ̀ bíi pé nínú omi. Tí mo bá tẹjú mọ́ ọn gidi, mo lè rí nǹkan kan tó ń mì lábẹ́ dígí bí ìràwọ̀ tí ilẹ̀ ti mọ́ bá. Tirẹ̀, nọ́ńbà dúdú kirikiri lórí ilẹ̀ aláwọ̀ eérú, bí ẹni fi tàdáwà kọ ọ́ sórí pátákó. Bí a ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni ìkùukùu kan rọra kọjá lójú oòrùn. Tirẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Tèmi yọ jáde: àárín, igun, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, gbogbo rẹ̀ pátá. Ìkùukùu kọjá tán, tèmi rì padà, tirẹ̀ sì mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní kí ó má tíì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń rò pé ojú mi ló ń bàjẹ́.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni tó mọ̀ ọ́n dénú. Ojú aago tèmi, èyí tí wọ́n ń pè ní AMOLED, àmì tíntìntín kọ̀ọ̀kan tó wà lójú rẹ̀ ló ń tan iná tara rẹ̀. Fìtílà ni. Nínú yàrá àti lálẹ́, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ta ló ń tan fìtílà kó fi bá oòrùn du ọ̀nà? Tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní MIP. Ohun kan bíi dígí wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà síta, nítorí náà oòrùn tó ń pa tèmi ni tirẹ̀ fi ń ríran. Àmì tíntìntín kọ̀ọ̀kan tún ń rántí ohun tó yẹ kó fi hàn fúnra rẹ̀, kì í jẹ bátìrì púpọ̀ kó tó lè dúró, kò sì nílò láti máa pajú dé. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ó ní bọ́tìnì kan tí èèyàn máa tẹ̀ tí iná kékeré á tàn. Àwọ̀ rẹ̀ kò fani mọ́ra, ìyẹn nìkan ni àbùkù rẹ̀. Ó rán mi létí Casio F-91W tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọ̀, èyí tó jáde ní 1989. Oòrùn ló fi ń ríran bákan náà. A ti ní aago tó ń ríran nínú oòrùn nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama.

Àwọn tó ń ṣe aago onífìtílà yìí náà mọ̀ pé oòrùn ń bá wọn jà, torí wọ́n ń fi kún iná rẹ̀ lọ́dọọdún. Nit ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Apple Watch Ultra àkọ́kọ́, tó jáde ní 2022, ní 2,000. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 2023 ní 3,000. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò sún mọ́ ibẹ̀ rárá, owó oṣù olùkọ́ kò sì lè ra ìyẹn. Bí iná ṣe ń pọ̀ sí i ni bátìrì ń yára tán, ìdí sì nìyẹn tí aago fi ń sáré pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹni tó jókòó lè gbé ọwọ́ sókè kó sì dúró dè é. Ẹni tó ń sáré, ìwò ẹ̀ẹ̀kan ló ní, kí ẹsẹ̀ kejì tó balẹ̀.

Ohun tó wá bí mi nínú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pupa. Tí ọkàn mi bá ti kọjá ibi tí mo fi sí, aago yìí á yí nọ́ńbà náà padà sí pupa lórí dúdú. Ó dára nínú àwòrán. Nínú oòrùn, pupa lórí dúdú ló kọ́kọ́ ń sọnù. Ìyẹn ni pé nígbà tí ewu bá dé gan-an ni aago náà ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún mi. Ẹni tó yan àwọ̀ yẹn kò tíì sá a lójú oòrùn rí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. Nọ́ńbà mẹ́fà ló tún kó sójú ewé kan, tínrín-tínrín, bẹ́ẹ̀ tí èèyàn bá ti kọjá ogójì ọdún, awò inú ẹyin ojú ti ń le, ohun tó sún mọ́ni kì í tètè mọ́ mọ́. Mi ò lè máa wọ gíláàsì ìkàwé sáré.

Òógùn náà tún wà ńbẹ̀. Dígí tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ yìí, bí ara èèyàn ṣe ń gbé iná mànàmáná ló fi ń mọ̀ pé ìka dé. Omi oníyọ̀ náà ń gbé e, nítorí náà ẹ̀kán òógùn kan lè di ìka lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òógùn kán sí i ní Sángo, ó dá ìṣirò dúró, mi ò sì rí i títí mo fi dé géètì Yunifásítì. Àkọsílẹ̀ tí mò ń mú lọ fún dókítà lọ́jọ́ náà, ìdajì rẹ̀ ṣófo.

Mo ti lọ sí ilé ìtajà kan láàárín ìlú láti wo irú ti ọmọkùnrin yẹn. Inú ilé ni wọ́n tò wọ́n sí, lábẹ́ gílóòbù funfun, gbogbo wọn ló ń tàn. Mo bẹ ọmọ tó ń tà á pé kó jẹ́ kí n gbé méjì jáde sínú oòrùn wò. Ó ní, "Mọ̀mí, a kì í gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà." Mo ní mo máa fi báàgì àti fóònù mi sílẹ̀ lórí káńtà. Ó kọ̀. Mi ò bá a jà, òfin ọ̀gá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bàtà là ń wọ̀ wò kí á tó rà á, aṣọ là ń gbé dé ojú oòrùn kí á lè mọ àwọ̀ rẹ̀. Aago eré ìdárayá, tí ìta gbangba ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, kí ló dé tí a ó fi rà á lábẹ́ gílóòbù? Ẹ̀yin tó ń tà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Kí owó tó jọ, mo ti tún èyí tó wà lọ́wọ́ ṣe bí mo ṣe lè ṣe é. Mo yọ nọ́ńbà márùn-ún kúrò, ìlù ọkàn nìkan ló kù, gàgàrà, funfun lórí dúdú. Mo ti dígí rẹ̀ pa kí òógùn má lè tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má pajú dé mọ́ tí mo bá ń sáré, ni mo bá ń fi sí iná lọ́jọ́ méjì-méjì dípò márùn-ún, ìgbà tí iná bá sì wà nìyẹn. Èyí tó ṣe mí lóore jù ni pé mo ní kó máa gbọ̀n lọ́rùn ọwọ́ mi tó bá ti dé 138. Ara ń gbọ́ ohun tí ojú kò rí.

Lánàá, ó gbọ̀n nídìí òkè Mọ́kọ́lá. Mo dá eré dúró, mo ń rìn. Mo gbé ọwọ́ sókè bó ti ń mọ́ mi lára, àwo dúdú náà ni, ojú mi ló tún wà nínú rẹ̀. Obìnrin oníbúrẹ́dì ti rí mi lókèèrè, ó ti sún àpótí ìjókòó sábẹ́ agboòrùn. "Ẹ wọlé wá wò ó, mà." Mo wọlé, mo wò ó. Ó ní mélòó ni? Mo ní 141. Ó ní kí n jókòó títí yóò fi bọ́ sí 120, torí mo ti sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ kan pé ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ padà. Mo jókòó. Ó ń bi mí léraléra pé ó ku mélòó.