Ohùn Dorothy Dandridge kọ́ nìyẹn o

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ wo Carmen Jones lálẹ́ àná, fíìmù ọdún 1954. Bí Dorothy Dandridge, òṣèrébìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe wọlé pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì pupa yẹn, ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ gúgúrú sílẹ̀. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ orin, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn rẹ̀ kọ́ lẹ ń gbọ́ yẹn o." Wọ́n ní irọ́ ni. Àfi ká dá fíìmù dúró, ká jà á tán.

Òótọ́ sì ni. Marilyn Horne, ọ̀dọ́bìnrin aláwọ̀ funfun tó ń kọ orin ọ́pẹ́rà, ló kọ ọ́. Dandridge kàn ń la ẹnu tẹ̀ lé e ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé akọrin gidi lobìnrin yìí! Àtikékeré ni òun àti Vivian ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń fi orin jẹun. Wọ́n ṣe Harry Belafonte, gbajúmọ̀ olórin, náà bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù yìí kan náà. Belafonte kẹ̀!

Ipa tí Dandridge kó nínú fíìmù yìí ló sọ ọ́ di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn láti du Oscar òṣèrébìnrin tó dára jù lọ. Grace Kelly ló gbà á ní 1955. Dandridge kú ní 1965, ẹni ọdún 42 péré. Ó di 2002 kí obìnrin adúláwọ̀ kan, Halle Berry, tó gba àmì ẹ̀yẹ yẹn, ó sì dárúkọ Dandridge lórí pèpéle.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an, ẹ wá a lórí YouTube. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.